Òṣùwọ̀n Wo Ni Wọ́n Fi Ń Wọn Òkìkí Agbábọ́ọ̀lù?

Ẹni tó ti mọ lẹ́tà láti A dé Y, tó sì ti mọ nọ́ńbà kà, ilẹ̀kùn ńlá ti ṣí fún un. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kíkà yàtọ̀ sí nọ́ńbà yíyẹ̀wò. Ẹni tó mọ nọ́ńbà kà lè pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò yóò béèrè pé: “Kí ni wọ́n kà? Ta ni ó kà á? Ta ni wọn kò kà mọ́ ọn?” Ìbéèrè wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí á fi ṣiṣẹ́ lónìí.

Mo mú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù wá, nítorí pé kò sí ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi nọ́ńbà jiyàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Ẹ lọ sí ibi tí àwọn onízẹ́mìjàn ti ń dúró de èrò. Ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹnì kan á ní Cristiano Ronaldo ni ó lókìkí jù láyé. Ẹnì kejì á ní rárá, Lionel Messi ni. Láyé àtijọ́, góòlù ni wọn ì bá máa kà fún ara wọn. Lónìí, fóònù ni wọ́n ń yọ jáde. Ẹnì kan á fi iye ọmọlẹ́yìn agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ hàn, á ní ẹjọ́ ti parí.

Ẹjọ́ kò tíì parí. Ẹ jẹ́ kí á yẹ òṣùwọ̀n náà wò, bí ìyá tó fẹ́ ra gàrí ti ń yẹ agolo wò kí ó tó sanwó. Bí ìdí agolo bá ti wọ inú, iye agolo tí wọ́n wọ̀n fún ọ lè pé, kí gàrí má sì pé.

Ìwé tó to àwọn olókìkí

Ilé-iṣẹ́ ìròyìn eré ìdárayá kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ ESPN. Láti 2016 títí dé 2019, ọdọọdún ni wọ́n ń gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní World Fame 100. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: ọgọ́rùn-ún eléré ìdárayá tó lókìkí jù láyé. Ní ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Cristiano Ronaldo, ọmọ ilẹ̀ Pọ́túgà, ni wọ́n fi sí ipò kìíní. Ní 2019, LeBron James, tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣe ipò kejì. Messi, ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà, ṣe ipò kẹta.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni wọ́n lò. Èkíní ni iye ọmọlẹ́yìn tí eléré náà ní lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èkejì ni bí àwọn ènìyàn ti ń wá orúkọ rẹ̀ tó lórí Google. Ẹ̀kẹta ni owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san fún un kí ó lè máa bá wọn polówó ọjà. Wọ́n pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n fún olúkúlùkù ní ipò tirẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ ṣe àríwísí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó dára. Ohun méjì dára nínú iṣẹ́ yìí. Wọn kò fi òṣùwọ̀n wọn pamọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní gbangba. Wọn kò sì gbára lé òṣùwọ̀n kan ṣoṣo. Wọ́n fi mẹ́ta wo ohun kan náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pariwo nọ́ńbà lónìí kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi yan ètò yìí. Bí a bá rí àlébù nínú èyí tó ṣe dáadáa, a ó mọ ojú tí a ó fi wo èyí tí kò ṣe dáadáa.

Òṣùwọ̀n kìíní: ọmọlẹ́yìn

Lórí fóònù, ènìyàn lè ní ojú-ìwé tirẹ̀ lórí Facebook, Instagram tàbí YouTube. Ibẹ̀ ni yóò máa gbé àwòrán àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Bí ìwọ bá fẹ́ máa rí i, ìwọ yóò fi ìka tẹ ibì kan. Lẹ́sẹ̀ kan náà, wọ́n ti kà ọ́ mọ́ ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Ìka kan, ìtẹ̀ kan, ó tán.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Ronaldo kéde pé ọmọlẹ́yìn òun ti pé bílíọ̀nù kan. Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ọ́: 1,000,000,000. Òdo mẹ́sàn-án ni ó tẹ̀ lé oókan. Ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ni, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní mílíyáàdì. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ti sọ ní oṣù kọkànlá 2022 pé gbogbo ènìyàn tó wà láyé ti pé bílíọ̀nù 8. Ǹjẹ́ a lè sọ pé nínú ènìyàn mẹ́jọ mẹ́jọ, ẹnì kan ń tẹ̀ lé Ronaldo?

Ẹ má tètè dáhùn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe ìṣirò náà. Ọmọlẹ́yìn rẹ̀ lórí Instagram tó mílíọ̀nù 639. Ti Facebook tó mílíọ̀nù 170. Ti Twitter, tí wọ́n ń pè ní X báyìí, tó mílíọ̀nù 113. Ti YouTube lé ní mílíọ̀nù 60. Ìyókù wá láti ojú-ìwé rẹ̀ tó wà ní ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ibẹ̀ ni ìdí agolo ti wọ inú. Ẹ jẹ́ kí á fi abúlé kan ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin 40 ló ń dá èsúsú. Obìnrin 30 ló wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Obìnrin 50 ló wà nínú ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Bí o bá ro wọ́n pọ̀, ìwọ yóò rí 120. Ṣùgbọ́n o lọ ká ojúlé kiri, o rí i pé gbogbo obìnrin tó wà ní abúlé náà kò ju 70 lọ. Níbo ni 50 tó kù ti wá? Kò wá láti ibì kankan. Ìyá kan náà tó ń dá èsúsú ló ń kọrin, òun náà ló ń tajà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kà á. Bákan náà ni ọmọ tó ní Facebook, tó ní Instagram, tó tún ń wo YouTube. Ẹnì kan ni, ṣùgbọ́n ọmọlẹ́yìn mẹ́ta ni wọ́n kà á sí.

Àlébù kejì burú ju ìyẹn lọ. Àwọn kan wà tó ń ta ọmọlẹ́yìn bí ẹni ń ta ẹ̀pà. Ọmọlẹ́yìn tí wọ́n ń tà kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀rọ ló ṣẹ̀dá orúkọ àti àwòrán wọn. Ní 2019, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ òwò pe ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Devumi lẹ́jọ́ nítorí irú òwò bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kejìlá 2014, àwọn tó ni Instagram gbá àwọn ojú-ìwé èké dànù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọmọlẹ́yìn tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ parẹ́ lára olórin kan tó ń jẹ́ Justin Bieber. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. N kò sọ pé Ronaldo ra ọmọlẹ́yìn o. Ohun tí mò ń sọ ni pé, láti òde, ojú lásán kò lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú.

Ọ̀rọ̀ ẹyin adìẹ

Yàtọ̀ sí ọmọlẹ́yìn, àwọn ènìyàn tún máa ń ka láìkì, èyí ni àmì ọkàn pupa tí wọ́n ń tẹ̀ sí abẹ́ àwòrán. Wọ́n ní àwòrán tó bá ní láìkì jù ni ayé fẹ́ràn jù. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2019, ẹnì kan gbé àwòrán ẹyin adìẹ kan sórí Instagram. Ẹyin lásán ni. Ó ní ohun tí òun ń wá kò ju pé kí àwọn ènìyàn tẹ láìkì fún ẹyin yìí títí yóò fi borí gbogbo àwòrán tó wà níbẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹyin náà fi borí. Láìkì rẹ̀ ju mílíọ̀nù 50 lọ. Fún ọdún mẹ́ta àti oṣù mélòó kan, kò sí ọba, kò sí olórin, kò sí agbábọ́ọ̀lù tí àwòrán rẹ̀ lè ju ti ẹyin náà lọ. Ọjọ́ 18 oṣù kejìlá 2022 ni Ajẹntínà gba Ife Àgbáyé ní Kátà. Messi gbé àwòrán ara rẹ̀ jáde pẹ̀lú ife náà lọ́wọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ju ti ẹyin lọ.

Ẹ jẹ́ kí á ronú. Ẹyin yìí kò sọ̀rọ̀ rí. Kò gbá bọ́ọ̀lù rí. Wọ́n lè dín in jẹ pẹ̀lú búrẹ́dì láàárọ̀. Ṣé a ó wá sọ pé láti 2019 dé 2022, ayé fẹ́ràn ẹyin adìẹ ju Messi àti Ronaldo lọ? Rárá. Àwọn ènìyàn ń ṣeré ni. Láìkì ń ka ìka tó tẹ̀. Kò lè ka ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ni ìka.

Òṣùwọ̀n kejì: wíwá orúkọ

Google dà bí àgbà kan tí gbogbo ayé ń bi léèrè ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí o bá kọ orúkọ ènìyàn sí i, yóò sọ ohun tó rí nípa ẹni náà fún ọ. Google sì ń ka bí wọ́n ti ń béèrè orúkọ kọ̀ọ̀kan tó. Ó ń fi ìṣirò náà hàn gbogbo ènìyàn, láti 0 dé 100.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣi 100 yìí túmọ̀. Kì í ṣe ènìyàn 100, kì í sì í ṣe mílíọ̀nù 100. Ó kàn túmọ̀ sí pé ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè náà ga jù láàárín ìgbà àti ibi tí o ní kí wọ́n wò. Bí 50 bá wà ní ọjọ́ mìíràn, ìdajì ti ọjọ́ tó ga jù ni. Ó dà bí kí ìyá alákàrà wí pé, “Ọjọ́ ọjà ni mo tà jù, àwọn ọjọ́ yòókù jẹ́ ìdajì.” O ti mọ ọjọ́ tó tà jù, ṣùgbọ́n o kò mọ iye àkàrà tó tà.

Ìṣòro mìíràn ni orúkọ. Ronaldo méjì ni ayé mọ̀. Ronaldo ti Bùràsíìlì wà, ẹni tó jẹ góòlù mẹ́jọ ní Ife Àgbáyé 2002 tí Bùràsíìlì gbà. Ronaldo ti Pọ́túgà náà wà. Ẹni tó kọ “Ronaldo” nìkan, èwo nínú wọn ni ó ń wá?

Ìṣòro tó tóbi jù ni pé wíwá kì í ṣe ìfẹ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 2014, ní Ife Àgbáyé tó wáyé ní Bùràsíìlì, Luis Suárez ti Urugúáì fi eyín gé Giorgio Chiellini ti Ítálì ní èjìká jẹ lórí pápá. Gbogbo ayé ló sọ ọ́. Bí a bá ń fi wíwá orúkọ wọn òkìkí, ọjọ́ tó gé ènìyàn jẹ di ọjọ́ ayọ̀ fún un! Àwọn àgbà wa kò da ọ̀rọ̀ pọ̀ báyìí. Wọ́n mọ̀ pé òkìkí rere wà, òkìkí burúkú sì wà. Olè tí wọ́n mú lọ́jà, gbogbo ọjà ló mọ orúkọ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ta ni yóò sọ pé ó níyì?

Òṣùwọ̀n kẹta: owó ìpolówó

ESPN ka owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san fún eléré ìdárayá. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání díẹ̀. Oníṣòwò kì í sanwó fún ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí oníṣòwò ń wá. Kò béèrè pé, “Ta ni àwọn ènìyàn mọ̀?” Ó ń béèrè pé, “Ta ni àwọn tó lówó láti ra ọjà mi mọ̀?” Bí gbogbo ará ìlú tálákà kan bá ń sọ ọmọ wọn ní orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan, ìyẹn kò wọ inú ìṣirò. Bí àwọn olówó ní ìlú ńlá díẹ̀ bá ń ra bàtà tó polówó, ìyẹn wọ inú rẹ̀.

Owó tún máa ń mú kí a sọ àsọdùn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2021, ní ìlú Budapest, Ronaldo jókòó láti bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Ó gbé ìgò Coca-Cola méjì tó wà níwájú rẹ̀ kúrò, ó gbé omi sókè, ó ní omi ni kí wọ́n mu. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi kárí ayé pé nítorí ohun tó ṣe yìí, iye ilé-iṣẹ́ Coca-Cola já wálẹ̀ pẹ̀lú bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Àwọn ènìyàn la ẹnu, wọ́n ní: “Ẹ wo agbára òkìkí!”

Àwọn tó yẹ aago wò rí nǹkan mìíràn. Iye náà ti ń wálẹ̀ kí Ronaldo tó jókòó rárá. Ọjọ́ yẹn gan-an tún ni ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà kò ní rí èrè tí wọ́n fẹ́ pín gbà mọ́. Nígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, iye ìpín máa ń wálẹ̀ díẹ̀. Ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan, wọ́n sì sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Bí àkùkọ bá kọ, tí ilẹ̀ sì mọ́, àkùkọ kọ́ ló mú oòrùn yọ.

Àwọn tí wọn kò kà

Títí di ibí, ohun tí wọ́n kà ni mo ń sọ. Ẹ jẹ́ kí á wá béèrè ẹni tí wọn kò kà. Àwọn àgbà ní, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ.

Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì láàárín Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní ITU, sọ ní 2024 pé ènìyàn bílíọ̀nù 5.5 ló ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Bílíọ̀nù 2.6 ni kò lò ó. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, nínú ènìyàn 100, nǹkan bí 38 péré ló ń lò ó. Èyí túmọ̀ sí pé nínú mẹ́wàá mẹ́wàá wa, ó lé ní mẹ́fà tí kò lè jẹ́ ọmọlẹ́yìn ẹnikẹ́ni, tí kò lè tẹ láìkì, tí kò lè bi Google ní ìbéèrè. Àgbẹ̀ tó gbé rédíò kọ́ sórí igi lóko, tó ń gbọ́ bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò kà á. Ìyá tó mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, wọn kò kà á. Síbẹ̀ wọ́n kọ “ayé” sí orí ìwé wọn.

Àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù kí fóònù tó dé náà ṣubú sínú kòtò yìí. Ẹ wo Rashidi Yekini. Ọmọ Yorùbá ni, Kàdúná ni wọ́n bí i sí ní 1963. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ní Ìbàdàn, ó sì gbá a fún Africa Sports ní Abidjan. Lẹ́yìn náà ó kọjá sí Vitória de Setúbal ní Pọ́túgà, ilẹ̀ kan náà tí Ronaldo ti wá. Ní 1993, òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, ó jẹ góòlù kìíní tí Nàìjíríà jẹ ní Ife Àgbáyé, nígbà tí wọ́n pàdé Bọ̀lùgéríà. Ó sáré wọ inú àwọ̀n, ó na ọwọ́ gba ojú àwọ̀n kọjá, ó dì í mú, ó ń sunkún ayọ̀. Góòlù 37 ni ó jẹ fún ilẹ̀ rẹ̀. Ó kú ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún 2012.

Ní 1994 tí Yekini di àwọ̀n mú, kò sí Facebook. 2004 ni ó bẹ̀rẹ̀. Kò sí Instagram. 2010 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe ìdánwò yìí fúnra yín. Ẹ bi àwọn tó ti dàgbà ní 1994 ní agbo ilé yín, ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù nínú wọn, pé: “Ta ni Yekini?” Ọ̀pọ̀ kò ní sọ̀rọ̀ lásán. Wọ́n á gbé ọwọ́ sókè, wọ́n á fi bí ó ṣe di àwọ̀n mú hàn yín. Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá. Òṣùwọ̀n fóònù wo ni yóò wọn èyí?

Òkìkí kì í ṣe ìmọ̀ọ́ṣe

Ó tọ́ kí á ṣe òdodo sí ESPN. Wọn kò sọ pé ẹni tó lókìkí jù ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù. Àwa tó ń kà á ni a máa ń da méjèèjì pọ̀. Ẹ rántí Ife Ilẹ̀ Áfíríkà 2019 ní Íjíbítì. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje, Bẹ̀nẹ̀ pàdé Mòrókò ní ìlú Káírò. Hakim Ziyech àti Achraf Hakimi wà nínú ikọ̀ Mòrókò, gbogbo ayé sì mọ orúkọ wọn. Bí ó bá jẹ́ pé iye ọmọlẹ́yìn ni wọ́n fi ń jẹ góòlù, àwọn ọmọ wa kò bá má ti wọ pápá. Moïse Adilehou jẹ góòlù fún Bẹ̀nẹ̀. Mòrókò dá a padà. Ziyech gba pẹnáritì nígbà tí eré fẹ́ parí, bọ́ọ̀lù kò wọlé. Wọ́n dé orí pẹnáritì àṣekágbá, Bẹ̀nẹ̀ borí pẹ̀lú 4 sí 1. Pápá kò béèrè iye láìkì.

Kí ni ì bá dára jù?

Ẹni tó bá sọ pé òṣùwọ̀n kò dára gbọ́dọ̀ sọ èyí tó dára. Èrò tèmi nìyí. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí ayé mọ̀, kí a lọ bi ayé léèrè. Kò pọn dandan kí a bi gbogbo ènìyàn. Ẹni tó se ọbẹ̀ kì í mu gbogbo ìkòkò tán kí ó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ dá; ṣíbí kan tó. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ro ìkòkò náà pọ̀ kí ó tó bu ṣíbí. Bí ó bá bu ti òkè nìkan, òróró ni yóò tọ́ wò. Àwọn tó ń ka ọmọlẹ́yìn, òróró orí ọbẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ wò.

Kí wọ́n lọ sí ìlú ńlá àti abúlé. Kí wọ́n bi ọkùnrin àti obìnrin, àgbà àti ọmọdé, ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà. Kí wọ́n béèrè ní èdè tí ènìyàn gbọ́. Kí wọ́n má dárúkọ ẹnikẹ́ni fún un. Kí wọ́n ní kí ó fúnra rẹ̀ dárúkọ agbábọ́ọ̀lù tó mọ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n béèrè pé: “Kí ni o mọ̀ ọ́n mọ́? Rere ni, tàbí burúkú?” Kí wọ́n sì padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá láti béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí le, ó sì gba owó. Fóònù yá, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ohun tó rọrùn láti kà kì í ṣe ohun tó yẹ kí á kà nígbà gbogbo.

Ìdájọ́ mi lórí World Fame 100 ni èyí. Fún oníṣòwò tó fẹ́ mọ ẹni tí yóò bá a polówó bàtà, iṣẹ́ tó wúlò ni. Fún èmi àti ìwọ tó fẹ́ mọ ẹni tí ayé mọ̀, orúkọ rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ó yẹ kí wọ́n pè é ní “Ọgọ́rùn-ún eléré tí fóònù àti ilé-iṣẹ́ mọ̀ jù.” Ìyẹn ni ì bá jẹ́ òtítọ́.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ẹnì kan lè wí pé: “Olùkọ́, ọ̀rọ̀ Ronaldo kò kàn mí. Èmi ń wá owó oúnjẹ.” Ó kàn ọ́, ìyá mi. Ó kàn ọ́, bàbá mi. Àwọn ẹlẹ́tàn ń ṣí ojú-ìwé sórí fóònù pẹ̀lú orúkọ àti àwòrán agbábọ́ọ̀lù ńlá. Àwọn mìíràn ń sọ pé àwọn lè mú ọmọ rẹ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù bí o bá lè kó owó wá. Nígbà tí o bá ṣiyèméjì, wọ́n á fi nọ́ńbà hàn ọ́: “Wo iye ọmọlẹ́yìn wa!” Ìwọ ti mọ̀ báyìí pé wọ́n ń ta ọmọlẹ́yìn. Kí o tó ta ilẹ̀ tàbí gba èsúsú rẹ fún wọn, ilé wọn ni kí o béèrè, kì í ṣe nọ́ńbà wọn. Wádìí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n dárúkọ. Wádìí lọ́wọ́ àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa.

Ọmọ rẹ náà wà níbẹ̀. Bí ó bá gbé àwòrán sórí fóònù tí láìkì kò ju mẹ́ta lọ, ó lè rò pé òun kò já mọ́ nǹkan kan. Sọ ìtàn ẹyin adìẹ fún un. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì gbọ́n.

Ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹ dì mú. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín:

1. Kí ni wọ́n kà gan-an?
2. Ṣé wọ́n ka ẹnì kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ?
3. Àwọn wo ni wọn kò kà?
4. Ta ni yóò jèrè bí mo bá gba nọ́ńbà yìí gbọ́?

Bí ẹ ó bá gbọ́ nọ́ńbà ńlá kan lọ́sẹ̀ yìí, ì báà jẹ́ ti agbábọ́ọ̀lù, ì báà jẹ́ ti olóṣèlú, ì báà jẹ́ ti olóògùn tó ń polówó nínú ọkọ̀, ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin yìí yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì. A ó jọ kà á.